Kẹ́tùlù Tí Kò Gbọdọ̀ Jáde

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni èmi àti obìnrin yìí fi jókòó ti ara wa ní yàrá ìráhùn, ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù àti bùlẹ́ńdà. Yàrá náà kò tóbi: tábìlì méjì, tẹlifóònù méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń yí padà, àti kọ́bọ́ọ̀dù irin kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé. Ẹni tí ọjà wa bá bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́, àwa ló máa ń pè. Ohùn obìnrin náà rọ̀ bí òwú. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú, sà." Bó ṣe ń sọ ọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tí wọ́n ń pè é ní Ẹ-má-bínú. Àwọn tó kéré sí i á fi Àǹtí ṣíwájú rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ni pé inú ń bí òun fúnra rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú dúróà rẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà sí, kì í ṣe bí ilé-iṣẹ́ ṣe ní ká kọ ọ́ o, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. "Ìdérí rẹ̀ gé mi lọ́wọ́." "Tí mi ò bá wọ gíláàsì, mi ò lè rí bọ́tìnnì yẹn láéláé." "Ó ń kùn bí ẹni tí orí ń fọ́." Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé mẹ́sàn-án, ó kó gbogbo wọn mọ́ àyà, ó gbé wọn lọ bá Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ìyẹn ọkùnrin tó ń darí àwọn tó ń ṣe ọjà wa. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ṣí ojú ewé méjì, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé ẹ̀ máa ṣe é."

Ó padà dé yàrá wa, ó jókòó, kò gbé tẹlifóònù tó ń dún. Ó ní, "Ṣé ìwé ni? Màá kà á."

Mo rò pé àwàdà ni. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni nígbà yẹn. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò rí iṣẹ́ fi ṣe, bó ṣe bọ́ sídìí tẹlifóònù nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tó fi mú lẹ́tà wá hàn mí: yunifásítì ti gbà á wọlé fún oyè kejì nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọjà tuntun. Ọdún méjì, ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wa ní àwọn á san owó rẹ̀, torí ó wù wọ́n láti gbé fọ́tò rẹ̀ sójú ìwé ìròyìn wọn.

Àwọn méjìlélógún ni wọ́n wà ní kíláàsì, ó sì lè bí èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn dìde kí òun, wọ́n rò pé olùkọ́ ló wọlé. Ó ní òun jẹ́ kí wọ́n dìde tán dáadáa kí òun tó lọ wá àga jókòó sí láàárín wọn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wádìí ohun tí àwọn èèyàn nílò, bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọjà lórí kọ̀ǹpútà, àti bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tó ń to ike lé ara wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ wọn pé bí iṣẹ́ bá ti dé ìpele kan, kí wọ́n dúró kí wọ́n béèrè pé: ṣé ká máa lọ ni, àbí ká dáwọ́ dúró?

"Ká máa lọ ni gbogbo kíláàsì ń sọ ṣáá," ó sọ fún mi. "Mi ò tíì gbọ́ èkejì lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó kan iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, kẹ́tùlù ló ṣe. Inú àwọn ìwé mẹ́sàn-án yẹn ló ti mú gbogbo rẹ̀ jáde. Ó fúyẹ́, kò gbowọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bí ọwọ́ apẹ̀rẹ̀, kó má baà máa fa ọrùn ọwọ́ yín. Bọ́tìnnì kan ló wà níbi tí àtàǹpàkò máa ń dúró sí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìdérí ṣí. Mo gbé e lọ́wọ́, mi ò fẹ́ gbé e kalẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan sórí tábìlì rẹ̀, ó ń fi han àlejò. Wọ́n ti ní kí wọ́n lọ ṣe mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n máa da ike yíyọ́ sí. Wọ́n ti tẹ àwòrán ìpolówó ńláńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tí Ẹ-má-bínú fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, sọ fún un pé ẹ̀ka náà kò tíì rí irú rẹ̀.

Ó wá ku kí wọ́n dán an wò. Àwọn yòókù máa ń dán tiwọn wò nínú yàrá ìwádìí. Òun ní rárá, ilé onílé lòun ń lọ, ọgbọ̀n ilé. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun kí n máa bá òun kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé kẹtàlá jẹ́ ti káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé ìdáná rẹ̀ há débi pé èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti to ife sójú fèrèsé bí ẹni to irinṣẹ́, láti orí kékeré dé orí ńlá. Ó rọ omi, omi hó, ó bu ife kìíní fún Ẹ-má-bínú. Bó ṣe fẹ́ bu ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó fẹ́ fi àtàǹpàkò di kẹ́tùlù náà mú dáadáa, àtàǹpàkò sì bọ́ sórí bọ́tìnnì. Ìdérí ṣí gbàù. Omi gbígbóná dà sẹ́yìn ọwọ́ bàbá náà.

Ẹ-má-bínú ló fa ọwọ́ bàbá sábẹ́ omi ẹ̀rọ, tó dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ má dá ara yín láàmú, ìyá," ni káfíńtà ń sọ. "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo rọ omi kún jù. Ọwọ́ àgbà ni, kò gbọ́ tèmi mọ́. Kẹ́tùlù yín dáa."

A dì í lọ́wọ́, a dúró tì í títí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi dé. Èmi àti Ẹ-má-bínú rìn dé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí mi.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan tí bàbá yẹn sọ? Mo fi omi gbígbóná bó o lọ́wọ́, òun ló ń bẹ̀ mí! Ìbéèrè wo ló ṣáájú lórí ìwé tí a fi ń bi àwọn oníbàárà níbi iṣẹ́?"

Mo mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì la ti kà á sétí àwọn èèyàn títí ẹnu wa fi bó. Mo ní, "Ṣé ẹ ò rọ omi kọjá ìlà?"

"Láti gbogbo ọdún yìí wá ni mo ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ́ wọn pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. Ó tó."

Láti ọjọ́ yẹn, omi tútù la fi dán ìyókù wò. Nínú ọgbọ̀n ilé, ìdérí ṣí lọ́wọ́ èèyàn mọ́kànlá. Ó gbé ìṣirò náà lọ bá Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n dá mọ́ọ̀dù náà dúró, kí òun sún bọ́tìnnì kúrò níbẹ̀.

"Ọdún kan gbáko nìyẹn máa gbà," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ń da omi gbígbóná sínú ife."

"Ta ló ń ka ìwé ìlò, sà?"

"Àgbàlagbà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́kànlá yẹn."

"Ṣé àgbàlagbà kì í mu tíì ni?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́: kó fi ìpínrọ̀ méjì sí ìparí, lábẹ́ iṣẹ́ tó kù fún ọjọ́ iwájú, kó sì gba oyè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá bá a nílé. "Àbúrò mi, kọ ohun tí wọ́n fẹ́ síbẹ̀, kó o gba ìwé ẹ, kó o máa lọ. Ta lo fẹ́ bá jà ní ọjọ́ orí yìí?" Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ orí yìí gan-an ló yẹ kí n jà." Ó sọ fún mi pé òun bi ọkọ òun, tó ń gẹrun fún àwọn èèyàn, pé tó bá gé oníbàárà létí, ṣé á ní oníbàárà náà ló mirí ni? Ọkọ rẹ̀ ní, "Ohun tí mo máa ń sọ náà nìyẹn o!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Má gbà fún wọn, jàre."

Lọ́jọ́ tó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ adánniwò, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sínú garawa kan. Àwọn adánniwò mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì gígùn, Ọ̀gá Ẹ̀rọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ilé-iṣẹ́ ló ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Bàbá kan tó wá láti yunifásítì mìíràn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kẹ́tùlù yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí orí karùn-ún pé ẹ dá a lábàá kí wọ́n má ṣe é. Ẹ̀kọ́ ọjà tuntun lẹ wá kọ́. Ọjà tuntun ọ̀hún wá dà?"

"Sà, ìdáhùn méjì ni wọ́n kọ́ wa. Ìkejì ni mo mú."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìráhùn ló ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí Ẹ-má-bínú fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìpè ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ni mo ti gbé. Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó lẹ ti gbé?"

Ìgbìmọ̀ ní kí Ẹ-má-bínú jáde, lẹ́yìn náà wọ́n pè é wọlé: kó lọ ṣàtúnṣe orí karùn-ún, kó mú un wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó dúpẹ́. Ó sì lọ ṣàtúnṣe lóòótọ́. Ó lọ sí ogún ilé sí i, ó pé àádọ́ta, ìdérí ti ṣí lọ́wọ́ èèyàn mọ́kàndínlógún. Níbi tó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé òun dá a lábàá kí wọ́n má ṣe kẹ́tùlù náà, ó pa á rẹ́, ó wá kọ ọ́ pé: "Kò gbọdọ̀ jáde."

Bàbá tó wá láti yunifásítì mìíràn ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn méjì yòókù pẹ́ kí wọ́n tó gbé bírò. Wọ́n fún un ní oyè náà, pẹ̀lú máàkì tó kéré jù lọ tí èèyàn lè gbà kó má fìdí rẹmi.

Ilé-iṣẹ́ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí oṣù yẹn tó parí. Ibi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí ni wọ́n gbé e lọ. Kẹ́tùlù náà kò sì jáde. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara pátákó pé nítorí bí ọjà ṣe rí lásìkò yìí, àwọn sún un síwájú. Wọn ò dárúkọ ìdérí, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwòrán ìpolówó tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, Ẹ-má-bínú fúnra rẹ̀ ló ń ya wọ́n pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ tó ń fi wọ́n wé áyọ́ọ̀nù.

Mo bi í bóyá kò fẹ́ wáṣẹ́ síbòmíì. Ó ní òun lè wá a tó bá yá, àmọ́ òun ò tíì bá àwọn èèyàn yìí sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń kọ lẹ́tà kan sí ọ̀fíìsì Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ojú ewé kan péré: ọjà kan, ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn, bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe, àwòrán nísàlẹ̀. Èmi ni mo ń kó ìráhùn ọ̀sẹ̀ wá fún un lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹnì kankan kì í fèsì. Ìkẹsàn-án dá lórí wáyà bùlẹ́ńdà tó kúrú jù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wáyà bùlẹ́ńdà gùn sí i, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gòkè, eruku páálí ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó mú àpòòwé lọ́wọ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"Àǹtí, ẹ tún ti dé?"

"Mo ti dé, sà," ló wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sókè.