Ahun Odò Tí Wọ́n Ní Ìyá Kékeré Pa

Òórùn ẹrẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ahun odò wọ ilé wa. Kì í ṣe ẹrẹ̀ ojúde wa ní Ìfọ̀, tí kò ju eruku tí òjò rin lọ. Ẹrẹ̀ odò ni, tó ń rùn bí ẹja, tó ń rùn bí ewé tó ti jẹrà sómi. Mo fi ojú oorun jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá Bùrọ̀dá Ràímì, àbúrò ìyá mi tó ń pẹja ní Ìbàfò, lórí àpótí pẹ̀lú agbọ̀n láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Mùínátù, wá wo ohun tó kó sínú ìgèrè mi dípò ẹja." Mo yọjú wo inú agbọ̀n, òkúta dúdú kan ni mo rí. Bí mo ṣe na ìka sí i, òkúta náà ṣí àyà, ó yọ orí sí mi. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní ìsàlẹ̀ àdúgbò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lẹ́bàá ojú irin, ahun igbó ni gbogbo wa mọ̀ nígbà náà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń dán, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Irùngbọ̀n kéékèèké méjì wà lágbọ̀n rẹ̀, awọ sì so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Kì í fa ọrùn sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ló ń ká a sí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àyà rẹ̀. Pátákó àyà náà ní ìdè níwájú bí ìlẹ̀kùn. Bí ẹ̀rù bá ti bà á, yóò gbé e sókè, yóò sì tì í pa, abẹ́rẹ́ kò lè wọ ibẹ̀. Mo bi Bùrọ̀dá bóyá káfíńtà bíi bàbá mi ló bá a ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. "Má fi sínú omi jíjìn," ó ní. "Omi ni ilé rẹ̀, àmọ́ ó ń fẹ́ ibi tó máa gùn sí tí oòrùn bá mú. Ẹ̀kòló ni kóo máa fún un, àti ìgbín kéékèèké. Tóo bá fún un ní ẹ̀kọ, ebi ni yóò pa á." Ìyá mi, tó ń ta ẹ̀kọ fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, ní ẹran tó kọ ẹ̀kọ òun kò gbọ́n tó bí wọ́n ṣe ń pa á lálọ̀ọ́.

Mo fẹ́ sọ ahun náà ní Sàdátù. Ìyá mi figbe ta. "Ẹ gbà mí! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èwo ni ti orúkọ ọmọ mùsùlùmí fún ẹran odò?" Nítorí náà mo sọ ọ́ ní Padé, torí ìlẹ̀kùn àyà rẹ̀. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ kó má fi òwe sí i, èyí tó sì fẹ́ràn jù ni "Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà; owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké." Bó bá ti pa á tán, yóò fa etí mi, yóò ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn gbé èké wọ ilé mi o."

Bàbá mi gé àgbá epo sí méjì, ó ri ìdajì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fi pákó gbọọrọ kan há ẹnu rẹ̀ kí Padé lè máa gùn ún jáde. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀kòló ni mò ń wá kiri. Padé yóò wà nínú omi, imú rẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Bí ẹ̀kòló bá kan omi, ẹran tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ń lọ́ra yìí yóò yára gbé e mì kí n tó mọ́wọ́ kúrò. Lọ́sàn-án, yóò gun pákó, yóò na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sóòrùn. Bí mo bá gbàgbé láti pààrọ̀ omi rẹ̀, gbogbo ilé ni yóò máa bú mí nítorí òórùn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí òórùn náà kò bí nínú ni Ìyá Kékeré, ìyàwó tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti Mówè. Sìfáwù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì nílé wa, kò sì tíì lóyún, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti ń rùn nílé ju omi Padé lọ. Òun ló máa ń bá mi ṣa ìgbín. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa gbé ahun láti ẹ̀yìn, kó má baà fi èékánná ya mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó le. Kànga ń gbẹ, omi inú àgbá Padé kò ju kókósẹ̀ lọ, Padé kò sì jẹun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń lọ sílé ìwé, mo rí Ìyá Kékeré tó lóṣòó nínú ọgbà náà pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó ń gé gbúre tó hù sí ẹ̀gbẹ́ àgbá. Mo kí i, ó dáhùn. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, àgbá ṣófo. Mo wá inú ọgbà, mo wá ẹ̀yìn ilé, mo wá abẹ́ ibùsùn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì bú sẹ́kún.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ahun kì í sọnù lásán nílé tí àgàn bá wà. Ta ni kò mọ aájò ọmọ tí wọ́n ń fi ahun ṣe?" Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu Ìyá Àgbà. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá. "Ẹ dákun, mi ò pa á," ó ní. "Ilẹ̀ ló wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́bàá odò wa ní Mówè nìyẹn tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná, yóò jáde." Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́ irọ́ láyé òun, òun ò gbọ́ ti ahun tó sin ara rẹ̀ rí. Bàbá mi fi àdá tú ilẹ̀ ọgbà náà káàkiri, ilẹ̀ le bí òkúta, kò sì rí nǹkan kan.

Ó wá yíjú sí mi. "Mùínátù, kí lo rí?"

Mo sọ ti ọ̀bẹ. Mi ò sọ ti gbúre.

Títí dòní, mi ò lè sọ pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Inú ń bí mi, ahun mi ti lọ, gbogbo àgbà sì dákẹ́ láti gbọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìyá Kékeré gbójú sókè, ó wò mí. Ó ń retí kí n parí rẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ní kí Ìyá Kékeré lọ fara balẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ná. Ó ru ẹrù rẹ̀, ó ń lọ wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní, "Máa bomi rin ilẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀ o, kó má baà gbẹ jù fún un."

Mi ò bomi rin ín. Òjò fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láti ìdájí, nígbà tó dá, mo lọ gbé agbada tí a fi gbe omi lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àgbá mì. Mo rò pé ojú mi ni. Ó tún mì, ó sán, amọ̀ ṣí kúrò, orí kékeré onírùngbọ̀n kan sì yọ láti abẹ́ àgbá náà gan-an, níbi tí àdá bàbá mi kò dé. Omi inú agbada dà sí mi lẹ́sẹ̀. Padé jáde pátápátá, ó rù, amọ̀ bò ó, ó sì rọra wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú omi àgbá.

Mo gbé e sínú ìborùn, mo sáré tọ ìyá mi lọ, mò ń pariwo pé, "Màámi, kò kú! Ẹ jẹ́ ká lọ mú Ìyá Kékeré wá!" Ìyá mi ń pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Ó wo ahun náà. Ó dìde, ó ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. "Gbé e lọ sódò," ó ní, "kó o tú u sílẹ̀. Má sọ fún bàbá rẹ." Mo ní, "Màámi, ṣebí irọ́ la pa mọ́ ọn." Ó ní, "Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A ò lè kó èyí mọ́." Ó tún jókòó, ó ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ìyá mi! Ìyá mi tó ń fa etí mi torí èké! Mo wò ó bí ẹni tí n kò rí rí. Lẹ́yìn náà mo gbé Padé lọ sódò, mo tú u sílẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ìyá Kékeré kò padà mọ́. A gbọ́ pé ó fẹ́ ẹlòmíràn ní Mówè, ó sì bí ọmọ mẹ́rin. Bàbá mi kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá mi kú láìdárúkọ Sìfáwù rí, mo sì gbé gbogbo ẹ̀bi náà lé ìyá mi lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo máa ń wí fún ara mi. Kí ni ọmọdé lè ṣe? Mo di olùkọ́. Mo na ọmọ ọlọ́mọ torí irọ́, mo sì fi ìbínú nà wọ́n.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún, mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti òun nìkan wà ní yàrá, ó la ojú, ó ní, "Mùínátù, ṣé òótọ́ ni Sìfáwù pa ahun yẹn? Ó ń jẹ mí lọ́kàn." Kò sí ìyá mi níbẹ̀ láti pa mí lẹ́nu mọ́. Kò sí Ìyá Àgbà. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé ife sí i lẹ́nu, mo ní, "Bàbá, ẹ mu omi, ẹ sinmi."

Ó mu ún. Ó sì ń ṣàdúrà fún mi.