Òòlù Tí Mo Jù Sílẹ̀ Nínú Igbó Ọba

Igi arère tútù kì í ta sánsán. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, òórùn rẹ̀ dà bí omidùn ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ìkẹ̀rẹ́, òórùn yẹn a gbé mi padà sínú igbó ọba tó wà lórí òkè lẹ́yìn Ìsẹ̀, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, tí ìdajì fáìlì wa ṣì wà ní Àkúrẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní kakí àti bàtà, mo sì ń rìn bí ẹni tó ni òkè. Àgbàlagbà ará Ìsẹ̀ kan ni ọ̀gá mi. Bàbá tó bí i wà lára àwọn tó gbin igi sí ààlà nígbà tí òyìnbó gba igbó náà lọ́wọ́ ìlú. Ọwọ́ rẹ̀ ni òòlù ìjọba wà, èyí tó ní lẹ́tà lójú. Igi tí àmì òòlù yẹn kò bá sí ní kùkùté rẹ̀, olè ló gé e.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún ọ̀gá mi yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, wú. Ó na òòlù sí mi pé kí n lọ fi àmì sí arère mẹ́ta.

“Akọ̀wé, ìnàkí wà lókè yẹn o. Bí wọ́n bá ń lu ugi, má sá. Eré ni wọ́n ń ṣe.”

“Èmi, Bàbá? Kí n sá fún ọ̀bọ?”

“Mo ti wí tèmi.”

Mo lu arère àkọ́kọ́. Nǹkan dáhùn lẹ́yìn mi: gbì, gbì, gbì! Ìnàkí kan ló ń fi ẹsẹ̀ na gbòǹgbò àràbà tó ga bí ògiri. Abo kan jókòó nítòsí, ọmọ lẹ̀ mọ́ ọn láyà, ó ń wò mí bí ìyá ìyàwó ṣe ń wo àna tí kò níṣẹ́. Ǹjẹ́ mo dúró? Fìlà, bàtà ẹsẹ̀ òsì, òòlù, gbogbo rẹ̀ ni mo fi ta igbó lọ́rẹ.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo rí fìlà, mo rí bàtà. Òòlù ti lọ. Mo sọ fún Bàbá pé mo ti tì í mọ́ àpótí. Ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi ni mo ń sá fún nígbà náà, kì í ṣe ìnàkí mọ́.

Kò pẹ́, ẹ̀rọ agégi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Arère lọ, ọ̀gànwó lọ, àràbà yẹn náà wó. Kùkùté kọ̀ọ̀kan ní àmì òòlù wa. Wọ́n pe èmi àti Bàbá sí ọ́fíìsì.

“Bàbá, ta lẹ ta òòlù ìjọba fún?”

Bàbá yíjú sí mi, ó dúró dè mí. Mo ń wo bàtà mi, méjèèjì pé.

“Èmi ni wọ́n fún ní òòlù,” ló wí. “Èmi ni kí ẹ bi.”

Wọ́n lé e láìfún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Akọ̀wé, ṣé wọ́n lé ọ?”

“Rárá, Bàbá.”

“Mo sọ fún ọ pé kí o má sá.”

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bàbá kú. Lẹ́yìn tí a sin ín, mo gun òkè náà. Kùkùté àràbà ti jẹrà, gbágùúdá ti yí i ká. Mo fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dúró. Kò sí ìnàkí kankan tó dáhùn. Lónìí, mo lè rin igbó yẹn já láìfòyà ohun kankan. Ìyà tí mo ń jẹ nìyẹn.