Òkè Tí Bọ̀dá Mi Kò Dárúkọ

Nínú ilé wa ní Bajulaiye, a kì í bi ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò pé níbo ló ń lọ. Màmá mi ló mú àṣà náà wá láti ilé bàbá wọn, ilé àwọn apẹja tó wá láti etíkun Òndó tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bariga. Wọ́n gbà pé bí ẹni tó jáde bá pẹ́, kéèyàn dárúkọ ibi tó wà dà bí kéèyàn ní kó máa gbé ibẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní etí ọ̀sà, àṣà náà kò lè fa ewu púpọ̀: ẹni tó bá jókòó létí omi ń rí ibi tí ọkọ̀ kọrí sí, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì wà lójú omi.

Bọ̀dá mi kì í lọ sójú omi. Òkè ló ń gùn. Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráídè, iwájú kọ̀ǹpútà nílé ìtẹ̀wé ló ń jókòó sí, ó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, á forí lé àwọn òkè alápàáta apá Òndó tàbí Èkìtì, òun nìkan. Mo ti sọ fún un pé dídá nìkan wà níbẹ̀ léwu ju òkè fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹni méjì bá gùn ún tí ọ̀kan ṣubú, èkejì á sọ̀ kalẹ̀ lọ pe èèyàn.

"Ìwọ àti gírámà rẹ," ló dá mi lóhùn. "Gọ́tà iwájú ilé wa yìí ti gbé èèyàn mì ju òkè lọ."

Àwàdà ló fi ṣe.

Ní Sátidé kan nígbà òjò, ó jáde ní ìdájí. Màmá di ẹja yíyan fún un sínú ọ̀rá. N kò béèrè níbo. Ó yẹ kó padà ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kò dé, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá rẹ̀ pè mí pé oníbàárà ti dúró sórí òun. Mo lọ bá Màmá níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń to ẹja sórí àtẹ.

"Mọ́mì, òkè wo ló lọ?"

"Ó lọ, ó ń bọ̀."

"Ẹ mọ ibẹ̀, àbí?"

"Gbé ẹnu kúrò lára ọmọ mi."

Ìyá aránṣọ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wa gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀ jàre. Géńdé ọkùnrin tí ò sùn nílé, ilé obìnrin ni wọ́n ti ń wá a, kì í ṣe orí òkúta."

Màmá náà rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Bí mo bá lọ sí Èkìtì tó sì jẹ́ pé Òndó ló wà ńkọ́? Bí mo bá pe ọlọ́pàá, ibo ni mo fẹ́ ní kí wọ́n ti wá a?

Ẹja yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Bọ̀dá mi kì í jẹ ẹja yíyan. Láti kékeré ni òórùn rẹ̀ ti ń rí i lára.

"Mọ́mì, ta lẹ fi ẹja yẹn ránṣẹ́ sí?"

N kò béèrè níbo. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n tẹ fóònù wọn, wọ́n nà án sí mi láì wo ojú mi.

Obìnrin kan ló gbé e, tó ti bá wa gbé ilé kan náà rí kó tó padà sí ìlú rẹ̀ ní apá Òndó. "Ó kó ẹja dé ní Sátidé o," ló wí. "Ó ní òun fẹ́ gun òkè ẹ̀yìn ilé wa. Àbí kò tíì délé? Mo rò pé ó ti gba apá kejì sọ̀ kalẹ̀ ni! Yéè!" Kó tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ tó ń pariwo pe àwọn ọkùnrin àdúgbò.

Wọ́n rí i kí oòrùn tó wọ̀. Ó yọ̀ lórí àpáta tí òjò ti rin, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, fóònù rẹ̀ sì já sínú ihò àpáta. Omi òjò tó dúró lójú àpáta ló ń mu. Ó ní òun kígbe títí ohùn òun fi há. Òun ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti ìsàlẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ kò gbọ́ òun.

N kò ní parọ́ mọ́ Màmá. Bí wọ́n tilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ní Sátidé, ẹsẹ̀ á kán náà ni, kò sì sẹ́ni tí ì bá wá a kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ó wà lórí àpáta, ẹnì kan nínú ilé wa sì mọ ìlú tó wà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

"Ṣebí wọ́n rí mi," ni bọ̀dá mi wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Torí pé a ò dárúkọ ibẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i," ni Màmá wí.

Ẹsẹ̀ san. Ó ra bàtà tuntun. Ní Sátidé tó kọ́kọ́ tún jáde, Màmá tún di ẹja. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín.

"Ìyàwó pásítọ̀ kan."

"Ìlú wo?"

"Gbé ẹnu kúrò lára ọmọ mi."

Bọ̀dá mi fi mí rẹ́rìn-ín, ó jáde. Nígbà tí Màmá ń lọ sọ́jà, wọ́n yọ fóònù wọn nínú báàgì, wọ́n gbé e ka orí tábìlì níwájú mi, wọ́n sì lọ. Wọn kì í fi fóònù sílẹ̀ lọ sọ́jà. Mo sáré gbé e láti wá nọ́ńbà ìyàwó pásítọ̀ náà. Fóònù ní kí n tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi tì í, n kò sì mọ̀ ọ́n. Mo gbé e padà sórí tábìlì, mo jókòó tì í, bóyá ó máa dún.