Ọjọ́ Tí A Pẹ́ Dé Etí Òkun

Òórùn àkàrà ló jí mi. Ago márùn-ún àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù keje, ní apartment wa ní Marietta, lẹ́bàá Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Mọ́mì ti ń din àkàrà tí a máa jẹ lọ́nà, wọ́n sì ti ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ kí èéfín má baà mú kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná lókè àjà máa han léti gbogbo ilé. Ojú fèrèsé yẹn ni ooru ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà níbí bíi tèmi, ẹ mọ irú ẹ̀: oòrùn ò tíì yọ, èèyàn ti ń làágùn, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ni lára.

Màmá Àgbà, ìyá tó bí Mọ́mì, ti wọṣọ tán. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé báàgì lé itan. Láti oṣù kejì ni wọ́n ti wá bá wa tọ́ àbúrò mi jòjòló, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa wọ bàálù padà. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, etí òkun ni wọ́n bí wọn sí. Apẹja ni ọkọ wọn. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́jọ́ kan, kò bọ̀ mọ́, wọn ò sì rí òkú ẹ̀ sin. Lọ́dọọdún ni Màmá Àgbà máa ń ti ẹsẹ̀ bọ omi láàárọ̀, tí wọ́n á sì kí i, títí àwọn ọmọ fi kó wọn lọ sí Ìbàdàn. Ọdún kẹwàá rèé tí wọn ò fojú kan òkun. "Omi kan náà ni, Bàbá Bùnmi," ni wọ́n máa ń sọ fún Dádì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé ibi tó bá ti sún mọ́ yín, kí n kí ọkọ mi." Dádì á ní, "Kò sí wàhálà, mà." Kò-sí-wàhálà yìí gbà wá ní oṣù márùn-ún gbáko.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Màmá Àgbà ń fi ojú wọn kọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìyẹ̀fun òdòdó bo gbogbo ọkọ̀ wa ní oṣù kẹta, tó pọ́n bí ìyeyè, wọ́n ní, "Ọyẹ́ tiyín nìyí o!" Òjò ìgbà òtútù ò tẹ́ wọn lọ́rùn rárá, wọ́n ní ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbà ooru dé, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi mọ ìṣe ẹ̀. Àárọ̀ á mọ́ kedere. Tó bá di ọ̀sán, ìkuukùu funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ago mẹ́rin kò ní tíì lù tán tí àrá á fi sán, òjò á dà á sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ á sì dá. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Wọ́n ní ti etí òkun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárọ̀, afẹ́fẹ́ á máa ti ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú omi, gbogbo nǹkan á rọ̀, lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ òkun á dìde, á máa fẹ́ bọ̀ wá sórí ilẹ̀, òun ló sì ń fa òjò lọ́wọ́ bọ̀. "Àárọ̀ là ń kí òkun, Àjọkẹ́," ni wọ́n sọ fún mi; Bùnmi ni mí, ṣùgbọ́n oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Dádì. Dádì rẹ́rìn-ín pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ kọ́ ọmọ Mushin ní òjò.

Ago mẹ́fà ku díẹ̀ la jáde. Mo ti ṣírò ẹ̀ lórí ìka: ago mọ́kànlá, a ti débẹ̀. Bí a ṣe fi Atlanta sílẹ̀ báyìí, Dádì ní ṣé a ó wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hampton ká má yà kí Uncle Délé, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré? Ìyá ìyàwó àwọn wà nínú ọkọ̀, kí ni Uncle Délé á sọ tí wọ́n bá gbọ́? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mọ́mì ní, "Ìgbà ara là ń búra o, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ ká yà tá a bá ń bọ̀." Dádì wá fa òwe tiwọn yọ, èyí tí mo kórìíra títí dòní: "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Wọ́n sì yà kúrò ní highway.

Ẹ gbà mí o! Ta ló ń kí èèyàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú àwa Yorùbá? Uncle Délé rí ìyá àgbà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní ó di èèwọ̀ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ mu omi lásán kúrò nílé àwọn. Ìyàwó wọn gbé ìkòkò kaná. Iyán ò ní wàhálà, ìyẹ̀fun inú páálí ni. Ẹran ewúrẹ́ ló dì gbagidi nínú fírísà. A jókòó títí yìnyín fi yọ́ lára ewúrẹ́! Mo ní a ti jẹ àkàrà. Mọ́mì fi ojú bá mi wí. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n kó àwòrán ìgbéyàwó jáde. Lẹ́yìn àwòrán, àdúrà. Uncle Délé gbàdúrà fún ọkọ̀ wa, fún táyà ọkọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo la ojú kan, mo rí i pé ago mọ́kànlá ti kọjá. Màmá Àgbà ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò.

Ago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú la dé etí òkun tó wà lẹ́yìn Savannah. Bí Dádì ṣe pa ẹ́ńjìnnì ni àrá sán. Àwọn tó ń ṣọ́ omi fọn fèrè, wọ́n lé gbogbo èèyàn jáde, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ àfi tí àrá bá ti dákẹ́ fún ìdajì wákàtí. Tó bá ti fẹ́ẹ̀ pé, á tún sán. Òjò ń lu gíláàsì, a ò tiẹ̀ rí òkun ọ̀hún, a kàn ń gbọ́ ọ ni. "Kò ní pẹ́ dá, mà," ni Dádì ń wí. Ó kéré tán, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mọ́mì máa wọ shift iṣẹ́ ní ago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ò lè dúró kọjá ago mẹ́fà.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká lọ, Màmá Àgbà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Dádì pariwo, "Bùnmi, di Màmá mú!" Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìró wọn. Mo ń sunkún, mo ń sọ pé, "Màmá, ẹ má lọ, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ lọ." Wọ́n lágbára jù mí lọ; apá tó ti ń fa àwọ̀n látìgbà ọmọdé ni. Wọn ò já a gbà. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ìhà ibi tí omi ti ń hó, wọ́n wá padà jókòó. "Ó ti tó, Àjọkẹ́," ni wọ́n wí. "Ó ti tó." Sátidé tó tẹ̀lé e ni Màmá Àgbà wọ bàálù padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún tọrọ físà Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìjọba ibí ò fún wọn. Ìbàdàn ni wọ́n kú sí, láìfojú kan òkun mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, Dacula ni mò ń gbé. Mo ti tọ́jú ẹni tí àrá sán lù rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ohun tí mo ṣe ò tọ́. Inú ṣì ń bí mi sí Dádì. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sùúrù lórí fóònù, ńṣe ni mo máa ń gbé e jìnnà sí etí. Àmọ́ Dádì kàn pẹ́ ni. Èmi ni mo di aṣọ Màmá Àgbà mú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, gbogbo wọn ló yìn ín. Èmi àgbàlagbà yìí, tí mo mọ ohun tí àrá lè fi èèyàn ṣe, ká ní òní ni, ǹ bá tú ọwọ́ mi sílẹ̀.