Òróró Lórí Príámpù

Olùdarí orin ìjọ wa ní Mówè ni ẹni àkọ́kọ́ tó fojú gìtá mi gbolẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ra ẹ̀rọ láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wò bí ẹni ń ra iṣu. Á dijú, á ní, "Ó wúwo. Ojúlówó ni."

Nígbà tí a fẹ́ gba orin ìjọ sílẹ̀, èmi àti ẹ̀ lọ sí Ifọ̀ lọ ra príámpù, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ohùn gìtá máa ń gbà kọjá kó tó jáde. Mo ní ká mú èyí tó lè ṣe ohùn tútù, tó sì lè ṣe èyí tó le, àti pé kí n kọ́kọ́ fi gìtá mi dán an wò. Ó gbé èyí tó wúwo jù, ó yọ ìgò òróró àdúrà lápò, ó sì dà á lé e lórí kí a tó tan iná sí i.

Bí mo ṣe ń ṣàròyé, ọlọ́jà ní, "Ẹ ti rà á nìyẹn, sà. Ta ló máa ra ọjà olóróró lọ́wọ́ mi?"

Ohùn kan ṣoṣo ni príámpù náà ní, ohùn agbọ́n inú agolo. Dípò kí olùdarí gbà pé òun ṣàṣìṣe, ó yọ gìtá mi kúrò nínú orin náà, ó sì sọ fún ìjọ pé ìka mi ti darúgbó.

Lóṣù tó kọjá, ó wá dọ̀bálẹ̀ nílé mi ní Ìbàfò. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yan príámpù mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìjọ gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn án."