Ọdún Tí Wọ́n Tẹ̀ Sétí Bíbélì

Iṣẹ́ tí Lásárù Ògúnmúyìwá fi ń jẹun kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn fi ń yangàn. Ilẹ̀ ló ń lu. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ńlá sí Àpápá, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí iléeṣẹ́ rẹ̀ wá wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Lásárù àti Fidelis tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nàró, wọ́n á ti páìpù wọlẹ̀, wọ́n á máa fa erùpẹ̀ jáde ní mítà kan lẹ́yìn òmíràn. Lásárù ló ń kó erùpẹ̀ náà sínú ọ̀rá, òun náà ló ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀: yanrìn funfun, ẹrẹ̀ dúdú, ìkarahun, yanrìn pupa. Bó bá padà délé l'Ájégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, òórùn ẹrẹ̀ á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Tinú ìyàwó rẹ̀ á sì ní kó lọ tún ọwọ́ fọ̀ kó tó jókòó ti oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Àìkú, èèyàn pàtàkì ni. Tísà ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Amùkókò, torí òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Ọmọbìnrin méjì ló bí. Ṣayọ̀, èyí àkọ́kọ́, ti tó ilé ọkọ. Tẹjúmọ́lá, èyí kejì, jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó wà nínú kíláàsì bàbá rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í tán. Lásárù fẹ́ràn ọmọ yẹn débi pé kì í lè fi pa mọ́.

Lọ́dún 1988, wọ́n ń lu ilẹ̀ kan nítòsí ibùdókọ̀ Coconut l'Ápápá, lẹ́yìn ibi tí àwọn onítírélà ń gbé ọkọ̀ sí. Ní mítà kọkàndínlógún, igi bá irin jáde. Igi gidi, tó dúdú, tí èèpo rẹ̀ ṣì wà lára.

Fidelis yí i wò yí i wò. "Oga Laza, who come bury wood reach dis kain place?"

Lásárù kọ ọ́ sílẹ̀: igi. Ẹnjiníà Onome, ọ̀gá wọn, gé díẹ̀ nínú igi náà, ó fi ránṣẹ́ sókè òkun níbi tí wọ́n ti lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé: igi náà ti kú láti nǹkan bí ẹgbàarin ọdún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

"Ẹ dákun, ẹ tún un kà," ni Lásárù wí. "Mo ti ro ọjọ́ orí àwọn baba inú Jẹ́nẹ́sísì pọ̀ láti orí Ádámù. Ọdún ayé gan-an ò tó bẹ́ẹ̀."

Onome rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣayọ̀, igi lásán nìyẹn o. Àpáta tí ẹ ń rí l'Ábẹ́òkúta yẹn, mílíọ̀nù lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ni wọ́n ń pè é."

Ọ̀rọ̀ yìí kó ìdààmú bá Lásárù. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, kò rí oorun sùn dáadáa. Ó kọ́kọ́ fẹ́ gbà pé ìkún omi Nóà ló gbé igi náà débẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fa erùpẹ̀ wọ̀nyẹn jáde, kò sì lè purọ́ fún ọwọ́ ara rẹ̀. Omi tó ń rú kì í to nǹkan lésẹẹsẹ. Ó sì ti rí ìkarahun tí apá rẹ̀ méjèèjì ṣì pa dé mọ́ra wọn, tó fi hàn pé ibẹ̀ ni ẹranko inú rẹ̀ gbé, ibẹ̀ náà ló kú sí, láìsí wàhálà kankan. Níkẹyìn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń jẹ gúgúrú lábẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó wá sí i lọ́kàn pé ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run tó dá oòrùn. Aago wo ni wọ́n wá fi ka ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú? Ta ló ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ni? Ọlọ́run tó lè fi sùúrù to ẹrẹ̀ lé ẹrẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn tóbi ju èyí tó ń sìn tẹ́lẹ̀ lọ.

Tẹjú ló kọ́kọ́ sọ fún.

"Ṣé Bíbélì wá parọ́ ni, Dádì?"

"Rárá o. Bíbélì ò sọ iye ọdún fún wa. Ẹni tó ṣe ilẹ̀ náà ló ni ìwé náà, Tẹjú. Kò sẹ́ni tó ní kí o yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o yàn, má dá a lóhùn."

Lásárù ò kọ́lé, kò ra mọ́tò, kò sì ní ilẹ̀ kankan tó lè pín fọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ogún tó fẹ́ kó dé ọwọ́ ọmọ rẹ̀, kó má baà di ọjọ́ kan kí ìwé kíkà gba Ọlọ́run lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdùnnú ni kò jẹ́ kó pa á mọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, ó kó erùpẹ̀ oríṣiríṣi sínú ìgò, ó gbé e lọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, ó sì ṣàlàyé fún wọn. Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú yẹn tó wọ̀, gbogbo Amùkókò ti gbọ́ pé Tísà ní irọ́ ni Jẹ́nẹ́sísì.

Àwọn àgbà ìjọ méje ránṣẹ́ pè é. Bàbá Ìjọ, Alàgbà Edwin Ṣóbándé, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, gbé Bíbélì òyìnbó kan lé orí tábìlì. Míṣọ́nnárì kan ló fún baba rẹ̀. Ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fi ìka sí etí ìwé, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà wínníwínní kan sí.

"Tísà, ẹ bá wa kà á."

"4004, sà."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Iye ọdún tí wọ́n ní Ọlọ́run fi dá ayé ṣáájú kí wọ́n tó bí Jésù. Ṣùgbọ́n, sà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ Bíbélì. Òyìnbó kan ló jókòó ṣírò rẹ̀, àwọn tó tẹ̀wé ló wá fi sétí." Lásárù yára ṣí Bíbélì Yorùbá tirẹ̀. "Ẹ wo èyí tí gbogbo wa ń kà, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó yẹ kí ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré. "Ó ṣe mí láàánú pé Tísà ni yín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ Bíbélì kí wọ́n tó yí i sí Yorùbá. Àwọn tó yí i ló fo nọ́ńbà yẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni ojúlówó. Ẹ̀yin wá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú Ìwé Mímọ́."

Àwọn mẹ́fà yòókù mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé Mósè ò gbọ́ "good morning" rí láyé rẹ̀, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Lásárù ò rí ẹ̀rín rín. Ọkùnrin méje tí kò fọwọ́ kan ẹrẹ̀ rí ló ń sọ fún un pé ojú rẹ̀ ò rí ohun tó rí.

Wọ́n fi í sábẹ́ ìbáwí: kó máa jókòó lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́, kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa. Bó bá fẹ́ kí ó tán, kó dúró níwájú ìjọ kó sọ pé irọ́ lòun pa. Lásárù ì bá jókòó lẹ́yìn yẹn títí ayé. Àmọ́ ìgbéyàwó Ṣayọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òfin ìjọ wọn sì ni pé bàbá tó wà lábẹ́ ìbáwí kò lè mú ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ ò sì ní so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ. Àwọn àna ti ń béèrè ohun tí bàbá ìyàwó ṣe. Tinú ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Ṣayọ̀ kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu lásán ni. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n fi wá sílẹ̀. Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn yín."

Ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún péré ni ọjọ́ orí ayé, ó ní ohun tóun kọ́ àwọn ọmọ, irọ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Tẹjú wà lórí àga pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára bàbá rẹ̀.

Ìgbéyàwó dùn, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Wọ́n dá kíláàsì rẹ̀ padà fún un, nígbà tó yá wọ́n tilẹ̀ fi í jẹ olórí gbogbo àwọn tísà. Ó ń rò ó pé òun á pe Tẹjú jókòó, òun á ṣàlàyé fún un. Lónìí, ojú ń tì í. Lọ́la, ó rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń sún un síwájú nìyẹn títí ọmọ fi kúrò nílé.

Jiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ni Tẹjú lọ kà ní Ifẹ̀. Nígbà tó mú ìwé ẹ̀rí délé lọ́dún 1996, Lásárù sunkún ayọ̀. Ó ti sọ fún ìjọ pé ìdílé òun á dúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó múra tán, ó rí i pé ọmọ ṣì wọ aṣọ ilé.

"Dádì, ẹ má bínú, mi ò ní bá yín lọ. Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ti pẹ́."

"Àwọn olùkọ́ yín ní Ifẹ̀ ló ní kò sí Ọlọ́run, àbí?"

"Rárá, sà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ díákónì."

"Kí ló wá dé? Ṣebí mo sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó ní kí o yan ọ̀kan."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà yín gbọ́. Kò sẹ́ni tí mo gbà gbọ́ bíi yín láyé." Ọmọ náà rọra ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Ẹ wá dúró níwájú gbogbo èèyàn, ẹ ní irọ́ ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe irọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohùn yín ò gbọ̀n, Dádì. Ohùn kan náà lẹ fi sọ fún wa pé Jésù jíǹde. Látọjọ́ yẹn, mi ò mọ èwo lẹ gbà gbọ́, èwo lẹ ń sọ torí àwọn èèyàn."

"Torí ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Mo mọ̀, sà. Mi ò bínú sí yín."

Ì bá sàn kó bínú. Lásárù mú Bíbélì rẹ̀, òun àti Tinú jáde.

Nígbà tó tó àkókò ọpẹ́, wọ́n pe ìdílé Tísà síwájú. Bàbá Ìjọ, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Tísà, ọmọ tí à ń dúpẹ́ fún dà?"

"Ara rẹ̀ ò yá ni, sà."

Ohùn Lásárù ò gbọ̀n. Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè, ó gbàdúrà ìwòsàn fún Tẹjúmọ́lá. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín, Lásárù náà sì ṣe é pẹ̀lú wọn.