Sìdíkátù àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Òyìnbó

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ùsì-Èkìtì, tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ohun méjì péré ni mo bẹ̀rù láyé: àkùkọ ìyá àgbà mi tó máa ń ṣá ọmọ lẹ́sẹ̀, àti ọ̀rọ̀-ìṣe èdè òyìnbó. Ti àkùkọ ṣì rọrùn, èèyàn lè sá fún un.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe ọmọdé nígbà náà, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe ń kà á. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Dáre, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, á ní ká kà á láti òkè délẹ̀: "I walk, I walked, I have walked, I shall walk." Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí á máa gba ojú fèrèsé wọlé, inú mi á máa pariwo. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé tiwa kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mo rìn lánàá, màá rìn lọ́la. "Rìn" kò pààrọ̀ aṣọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àṣẹ, "Walk!", tí kò ní ẹnikẹ́ni níwájú. Mo bi tíṣà pé ta ló ń rìn níbẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, tíṣà kéde pé ẹni tí kò bá lè ka ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún lórí tán lọ́jọ́ Jímọ́, kíláàsì kẹrin ni yóò padà sí. Ẹ gbà mí o, àbúrò mi Táyọ̀ ló wà ní kíláàsì kẹrin! Kí èmi àti Táyọ̀ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà? Kódà iṣu sísun àti epo, tí mo lè torí rẹ̀ jà, mo fi sílẹ̀.

Sìdíkátù ló gbà mí. Ọmọ Àáfà tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa ni, kíláàsì kan náà la sì wà. Bí a bá ti ilé-ìwé dé, ó máa ń wá bá mi pa ẹkùrọ́ lẹ́yìnkùlé, kí ìyá àgbà lè fi ṣe àdín. Nígbà tó rí i tí omijé mi ń bọ́ sórí òkúta, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu nìkan lo fi ń kà á," ó ní. "Ṣe bí a ti ń ṣe n'ulé kéú. Jẹ́ kí ara rẹ bá a lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wàláà wà lórí itan rẹ̀, ó fi ohùn kéú kà á, ó ń fi òkúta lu ẹkùrọ́ ní ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ń mì. Ìyá àgbà ń wò wá, kò gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ orí rẹ̀ ń mì bá wa lọ. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, mo ti mọ márààrún.

Ní Jímọ́, Sìdíkátù ló kọ́kọ́ dìde. Kò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ kejì tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tíṣà fi pàṣán lu tábìlì: "Kéú kọ́ la wá kà níbí! Dúró gangan!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù dúró gangan lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Tíṣà ní kó lọ kúnlẹ̀, kó sì múra sílẹ̀ fún kíláàsì kẹrin lọ́jọ́ Ajé.

Ó kàn mí. Mo dúró bí òpó, ṣùgbọ́n nínú bàtà mi, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ń lu ilẹ̀ bí òkúta ẹkùrọ́. Mo kà á tán láìṣi ẹyọ kan. Tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo wo Sìdíkátù níbi tó kúnlẹ̀ sí. Òun náà ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní kéú ni tèmi náà, Táyọ̀ á sì gbà mí lálejò. Mo ní, "Ìyá àgbà mi ni, sà."

Mo sọ ọ́ nílé bí àwàdà. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Èmi tí n ò mọ A, B, D? Uṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lo kó fún mi yẹn." Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Láàárọ̀ Ajé, ó ró aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹrin la ti bá Sìdíkátù, ìyá àgbà sì mú un dé iwájú tíṣà. "Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ o. Wọ́n ní èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní òyìnbó. Irọ́ ni. Ọmọ yìí ló kọ́ ọ, ojú mi ló ṣe. Ẹ jẹ́ kó mi ara rẹ̀, ẹ ó rí i." Tíṣà họ orí, ó ní ó dáa. Sìdíkátù pa ojú dé, ó ń mì, ó sì ka márààrún já geere. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kíláàsì karùn-ún ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sì wá bá mi pa ẹkùrọ́ mọ́.

Lóde òní, èdè òyìnbó ni èmi náà ń kọ́ni n'Ìkọ̀lé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù kí wọ́n tó wọ kíláàsì, kò bà wọ́n lẹ́rù bó ṣe bà wá. Ẹni tó bá fẹ́ mì, kó mì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ lórin, kó kọ ọ́. Nǹkan ti dáa sí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló sọ òtítọ́ láàárọ̀ Ajé yẹn. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo di ìró rẹ̀ mú, mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní Sìdíkátù wà ní Ìfìṣìn báyìí, ó ti bímọ mẹ́ta. Ibẹ̀ kò jìn. Ojú ló ń tì mí láti ọjọ́ yìí wá. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ. Mo ti ń kọ́ ohun tí màá sọ láti àná: "Sìdí, ìwọ lo kọ́ mi." Gbólóhùn kan péré ni, òun ló sì le jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ sórí rí.